Ìwọ̀n Kan fún Ogún Ènìyàn

Àsmá'ù kórìíra ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kò sì fi í bò fún ara rẹ̀ rí. Lójú ẹbí, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Sàhéèdì," á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi fún un. Nínú ọkàn rẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ọkùnrin náà bá já sínú gọ́tà Ìbàfò pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn, òun yóò kọ́kọ́ jẹun tán ná kí òun tó wá ẹni tí yóò fà á jáde.

Kì í sì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀ lásán. Tíṣà ìṣirò ni Àsmá'ù ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Mówè, iṣẹ́ náà wù ú, ó sì mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Muslimah, òmíràn kò tẹ̀ lé e mọ́. Níbi àdúà ọdún bàbá ọkọ rẹ̀, nígbà tí gbogbo ẹbí pé sábẹ́ kánópì tí wọ́n ń jẹ ìrẹsì, Bùrẹ́ímọ̀, Bàbá Sàhéèdì yìí kan náà, tó jẹ́ àgbà wọn, pàtẹ́wọ́ kí wọ́n lè gbọ́ òun. Ó ní, "Àbdùlláhì àbúrò mi lọ fẹ́ tíṣà ìṣirò. Ṣùgbọ́n tíṣà náà ò mọ̀ ọ́n kà ju oókan lọ." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àbdùlláhì pàápàá rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ń wo inú àwo rẹ̀. Àsmá'ù kó abọ́ tó wà níwájú rẹ̀ wọlé, ó fọ̀ wọ́n, ó tún wọn fọ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń wá ibi tí yóò ti mú ọkùnrin yìí, ọdún sì ti ń gorí ọdún.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọmọ náà ná, nítorí òun ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Muslimah ti parí Kùránì láti èṣí. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ó ga, ó sígbọnlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn débi pé ẹni tó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-kéwú wọn ní Ìbàfò a máa dẹsẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń múra wòlímọ̀ ti èṣí, ìyẹn ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó bá parí Kùránì, wọ́n ní kí ó wá wọn aṣọ, ọmọ kan sì pariwo láti ẹ̀yìn pé kí wọ́n kúkú lọ yá tapólìn tírélà. Muslimah padà sílé, ó ní òun kò ṣe wòlímọ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, bàbá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Ústáàsì Mùízz tó ni ilé-kéwú náà wá sílé, pàbó ló já sí. Fún oṣù bíi mélòó kan, ọmọ náà kì í jẹ oúnjẹ alẹ́, kì í sì í gba iwájú dígí kọjá.

Lọ́dún yìí ló tó gbà. Ústáàsì ti kéde pé jálámíà funfun kan náà ni àwọn ogún tó fẹ́ ṣe wòlímọ̀ yóò wọ̀, àti ọmọdé, àti àgbà.

"Mọ́mì, tí gbogbo wa bá wọ nǹkan kan náà, wọn ò ní máa wo èmi nìkan," ló sọ fún ìyá rẹ̀. "Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá tún wò mí báyẹn, mi ò ní débẹ̀ mọ́. Mi ò sì ní ké Kùránì lójú ẹnikẹ́ni mọ́."

Àsmá'ù mọ̀ pé ọmọ òun kì í fi ọ̀rọ̀ dẹ́rù bani. Bí wòlímọ̀ yìí bá tún dàrú, ohùn yẹn yóò wọlẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò tún un gbé jáde.

Bùrẹ́ímọ̀ ni Ústáàsì gbé iṣẹ́ aṣọ náà fún. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ilé-kéwú, òun sì ni alága ẹgbẹ́ àwọn télọ̀ láti Mówè títí dé Magboro. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ agéṣọ kan tó ń lo iná, irú èyí tí wọ́n ń gbé lé orí aṣọ ogún tí wọ́n tò léra, tí yóò gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Kò tíì rí iṣẹ́ tó tó ẹ̀rọ náà lò. Nígbà tí jálámíà ogún wá dé, ó búra pé òun kò ní fi àlùmọ́gàjí kan ẹyọ kan nínú rẹ̀, ìwọ̀n kan ṣoṣo ni òun yóò fi gé e, kí àwọn télọ̀ tó kù lè wá wòran.

Bó ṣe wá sí Mówè nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Muslimah ṣì wà ní kéwú. Àbdùlláhì ti gbé tírélà lọ sí Kánò. Bùrẹ́ímọ̀ jókòó sórí àga àbúrò rẹ̀, ó na páálí kan tó kọ nọ́ńbà sí lẹ́yìn sí Àsmá'ù.

"Tíṣà," ó ní. Kì í pè é ní ìyàwó mọ́. "Ústáàsì ní nǹkan kan wà tí ẹ̀yin onímọ̀ ìṣirò ń pè ní áfàréèjì. Ó ní ó máa ń kó gbogbo ènìyàn jọ sójú kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Kín lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá Sàhéèdì?"

"Kín ló kàn ọ́ níbẹ̀? Mo ti wọn àyà àwọn ogún náà. Nọ́ńbà kan ni mo ń wá. Fíríì sáìsì ni mo fẹ́ rán."

Fíríì sáìsì ni àwọn télọ̀ ń pe aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tí wọ́n rán láìwo ara ẹnikẹ́ni, èyí tí wọ́n ń fi kọ́ ẹnu ṣọ́ọ̀bù, tí ẹni tó tín-ín-rín ń rà, tí ẹni tó sanra náà ń rà. Ọkùnrin náà ti rán irú rẹ̀ tà débi pé ó gbà pé kò sí ara tí aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ kò lè gbà. Ẹni tó gbọ́n ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì dán mọ́rán, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tuntun náà ti gba orí rẹ̀.

Àsmá'ù wo páálí náà lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀. Ọmọ kéékèèké ni ìdajì wọn, mẹ́wàá, àyà wọn bẹ̀rẹ̀ láti ínṣì mẹ́rìnlélógún, kò sì kọjá méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìdajì yòókù ni àwọn ìyá tó ń lọ kéwú òpin ọ̀sẹ̀, mẹkáníìkì kan, àti Muslimah tirẹ̀. Àwọn yẹn bẹ̀rẹ̀ láti méjìdínlógójì, wọ́n sì dé méjìdínláàádọ́ta. Láàárín ọmọdé tó tóbi jù àti àgbà tó kéré jù, ilẹ̀ ṣófo. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù, ó pín in sí ogún. Ó bọ́ sí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, díẹ̀ ló kù kó pé. Àárín ilẹ̀ tó ṣófo yẹn gan-an ni nọ́ńbà náà lọ jókòó sí. Bí wọ́n bá gé aṣọ ogún ní ìwọ̀n yẹn, kò ní bá ẹnì kan mu. Àní bí ó bá fi ti áfàréèjì sílẹ̀, tó to wọn, tó mú ẹni tó wà ní àárín gbùngbùn, ibi òfìfo kan náà ni yóò tún já sí. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, tó ń tẹnu mọ́ ọn fún wọn pé kí wọ́n má gba áfàréèjì gbọ́ láìbéèrè bí àwọn nọ́ńbà náà ṣe jìnnà síra wọn.

Kí a má sì ṣe purọ́ mọ́ ọn, ó kọ́kọ́ fẹ́ sọ ọ́.

"Bàbá Sàhéèdì, áfàréèjì nìkan ò tó o. Ẹ ní láti wo bí wọ́n ṣe fẹ̀ sí..."

"Má kọ́ mi níṣẹ́ mi." Bùrẹ́ímọ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Àwọn tó bá ní ọmọ rẹpẹtẹ nílé ni kì í ráyè ṣírò. Ìwọ ráyè. Nọ́ńbà ni mo ní kóo fún mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àsmá'ù lọ́kàn, ibi tí ti àkọ́kọ́ ti gún un náà ló sì bọ́ sí. Ó wo ọkùnrin náà lójú, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, sà."

"Àwọn ọmọdé ńkọ́?"

"Ó ti ka ọmọdé mọ́ ọn."

"Àwọn àgbà ńkọ́?"

"Ó ti ka àgbà mọ́ ọn, sà. Gbogbo wọn ló wà nínú ẹ̀."

Kò sí irọ́ kan nínú gbogbo ohun tó sọ yẹn. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ó fi dùn mọ́ ọn. Ó tún bá a ṣírò ti gígùn aṣọ lọ́nà kan náà, ó kúnlẹ̀ sin ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ó kí àwọn ará ilé.

Ó ti jókòó padà, ẹ̀rín sì ti ń gbé e, kí ó tó rántí pé mẹ́tàlélógójì ni àyà Muslimah. Ẹ̀rín náà kú. Ó ń ro bí òun ṣe lè pe Bùrẹ́ímọ̀ padà, ó sì ń rí i bí ọkùnrin náà yóò ṣe tún sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Kò pè é. Ó rò ó síbòmíràn: òun yóò ra irú aṣọ funfun náà, òun yóò wá télọ̀ mìíràn tí yóò rán ti Muslimah mọ́ ọn lára rẹ́gí, Bùrẹ́ímọ̀ nìkan ni ojú yóò sì tì. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò lè gbé e fún télọ̀ kankan ní Mówè tàbí Ìbàfò, alága wọn ni wọ́n ń sìn. Ifọ̀ ló wọ mọ́tò lọ, sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọmọ́títí, àbúrò tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà rán an dáadáa. Nígbà tí Muslimah wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá, ó dúró níwájú dígí, ó yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti èṣí.

"Ta ló rán an, Mọ́mì?"

"Bàbá Ìbàfò ni. Wọ́n ti kọ́kọ́ parí tìẹ."

Irọ́ nìyẹn, Bùrẹ́ímọ̀ tí ọmọ náà ń pè ní Bàbá Ìbàfò kò tilẹ̀ mọ̀ nípa aṣọ náà, kò sì sí áfàréèjì tó lè sọ ọ́ di òótọ́.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé wòlímọ̀, Bùrẹ́ímọ̀ kó aṣọ dé ní wákàtí díẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a retí pé yóò kó aṣọ wá ṣáájú ọjọ́. Ó tú àpò méjì sílẹ̀ nínú kíláàsì kan ní ilé-kéwú, ó to àwọn jálámíà náà sórí bẹ́ǹṣì, ó ní kí oníkálukú mú ọ̀kan, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀rọ agéṣọ rẹ̀ yangàn fún Ústáàsì.

Àwọn ọmọ kéékèèké ló kọ́kọ́ wọ tiwọn. Ọrùn aṣọ bọ́ sí wọn léjìká, apá gùn ju ọwọ́ wọn lọ, ìsàlẹ̀ ń gbálẹ̀. Ọmọ kan gbé ẹsẹ̀, ó tẹ aṣọ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ìmú lulẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ti àwọn àgbà burú ju ìyẹn lọ. Mẹkáníìkì náà, Ògúnkànmí, tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, gbé aṣọ gba orí, ó dé àyà, kò lọ síwájú mọ́, kò sì padà sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ènìyàn méjì ló fà á yọ. Àwọn ìyá kò tilẹ̀ dán an wò, wọ́n gbé aṣọ sí ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jù ú sílẹ̀.

"Alága, kín rèé?" ni ọ̀kan nínú wọn, Sọ̀fíyátù, bi í. Ará Ìkìrun ni, ẹnu rẹ̀ kò sì ní ìdádúró. "Ṣé àpò gàrí lẹ rán ni àbí ìbọ̀sẹ̀? Ta lẹ wọn? Ẹ fi ẹni tó wọ èyí hàn mí."

"Nọ́ńbà ni mo tẹ̀ lé," ni Bùrẹ́ímọ̀ ń sọ. "Mo ṣe áfàréèjì."

"Kí áfàréèjì wá wọ̀ ọ́ nígbà náà."

Àsmá'ù dúró sẹ́nu fèrèsé, ó ń wò wọ́n. Inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn ju bó ṣe rò pé yóò dùn lọ. Òógùn ń ṣàn lójú Bùrẹ́ímọ̀, ó ń gbé aṣọ, ó ń sọ ọ́ kalẹ̀, àwọn obìnrin ń bú u, Ústáàsì sì ń wo ilẹ̀. Gbogbo ohun tí Àsmá'ù ti ń tọrọ láti ọjọ́ àdúà yẹn ló pé síwájú rẹ̀ lójúmọmọ.

Ìgbà náà ni Muslimah jáde láti yàrá kejì pẹ̀lú jálámíà Ifọ̀ lára. Aṣọ náà jókòó lé e léjìká, ó sì balẹ̀ títí dé kókósẹ̀. Gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, tọmọdé tàgbà, ló yí sí i.

"Tìẹ ńkọ́?" Sọ̀fíyátù ló bi í. "Ta ló rán tìẹ?"

"Bàbá Ìbàfò ni."

"Èmi kọ́," ni Bùrẹ́ímọ̀ wí.

"Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wa," Sọ̀fíyátù kò gbà á gbọ́, ó ti ń pàtẹ́wọ́ lé e lórí. "Ó rán ti ọmọ àbúrò ẹ̀ dáadáa, ó wá fi tiwa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo ẹ̀rọ. Ẹ wò ó bó ṣe bá a mu. Ọmọ tó tóbi tó báyìí, tó bá a mu, àwa ni kò bá mu?"

Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹnì kan ní ojúsàájú ni. Ẹnì kan ní ara ọmọ náà nìkan ló gba aṣọ ènìyàn méjì. Muslimah fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ dà bíi ti èṣí, Àsmá'ù sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ náà kò sunkún. Ó wọlé lọ mú báàgì rẹ̀, ó sì ń lọ sí ẹnu géètì.

Níta, àwọn àlejò ti ń jókòó lábẹ́ kánópì. Àsmá'ù sáré tẹ̀ lé e, ó dì í lápá mú.

"Mọ́mì, ẹ fi mí sílẹ̀. Mo sọ fún yín."

"Dúró ná. Muslimah, mo bẹ̀ ọ́, dúró díẹ̀."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, ó sì rí i kedere, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀. Bí aṣọ gbogbo àwọn yòókù bá bá wọn mu, kò sí ẹni tí yóò máa wo Muslimah. Òun sì mọ bó ṣe lè bá wọn mu. Ó padà wọ kíláàsì.

"Ẹ tò wọ́n," ó ní. Ohùn tíṣà ló fi sọ ọ́, àwọn ènìyàn sì yíjú sí i. "Láti ẹni tó tín-ín-rín jù dé ẹni tó sanra jù. Ẹ má wulẹ̀ wọn wọ́n, ojú ni kí ẹ fi tò ó. Muslimah, ìwọ náà wá."

Muslimah kò kúrò ní ẹnu géètì. Wọ́n to àwọn yòókù, Àsmá'ù sì fi àyè sílẹ̀ fún un láàárín àwọn àgbà. Ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, ó ń fi ọwọ́ gé e ní márùn-ún márùn-ún, títí ó fi di ìdì mẹ́rin.

"Bàbá Sàhéèdì, ẹ wọn ẹni tó kẹ́yìn nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹni mẹ́rin péré. Aṣọ tó bá gba ẹni tó kẹ́yìn yẹn, ó máa gba àwọn tó ṣáájú ẹ̀. Ẹ dín ti ìdì méjì àkọ́kọ́ kù. Ohun tí ẹ bá gé níbẹ̀, ẹ fi lẹ ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ ti ìdì méjì tó kẹ́yìn. Funfun ni gbogbo ẹ̀, kò ní hàn."

Bùrẹ́ímọ̀ wo ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí ohun tó ṣòro fún télọ̀ níbẹ̀. Ó ti rí i, ó sì ti ń fa téèpù kúrò lọ́rùn. Ó wọn ẹni mẹ́rin náà. Lẹ́yìn èyí ló yí padà, kò pariwo.

"Tíṣà, ọjọ́ tí mo wá sílé yín, ṣé o ti mọ ọ̀nà yìí?"

"Mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ ò jẹ́ kí n..."

"Mo ní, ṣé o mọ̀?"

Gbogbo kíláàsì ń wò ó. Ústáàsì gbé ojú sókè.

"Mo mọ̀," ni Àsmá'ù wí.

"O mọ̀ pé kò ní gba ẹnì kankan?"

"Mo mọ̀."

Bùrẹ́ímọ̀ mi orí. "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ níbi àdúà Bàbá, mo sọ ọ́ kó lè dùn ọ́ ni. Mi ò níí purọ́. Tó bá jẹ́ èmi lo fẹ́ dójú tì, ìyẹn yé mi, ìwọ náà gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fi ìmú gbálẹ̀ yẹn, kín ló ṣe ọ́?"

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Àsmá'ù ti gbọ́ ohùn Muslimah, ọmọ náà ti padà wọlé láti géètì.

"Mọ́mì, ta ló rán èyí?"

"Ìyá kan ni. Ní Ifọ̀."

"Nígbà wo lẹ gbé e fún wọn?"

"Lẹ́yìn ìgbà tí Bàbá Ìbàfò wá sílé."

Muslimah rò ó díẹ̀, bí ọmọ tíṣà ìṣirò ṣe ń rò ó. "Ẹ mọ̀ pé tiwọn ò ní bá wọn mu, ẹ sì rí i dájú pé tèmi bá mi mu. Èmi nìkan nínú ogún. Mo sọ fún yín pé mi ò fẹ́ kí wọ́n wo èmi nìkan, ẹ lọ rán an sí mi lára."

"Nítorí ẹ ni mo ṣe ṣe é."

"Nítorí tèmi kọ́."

Ọmọ náà wọ yàrá kejì lọ. Nígbà tó jáde, aṣọ ilé ló wà lára rẹ̀, jálámíà Ifọ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú Bùrẹ́ímọ̀, ó na aṣọ náà sí i.

"Ẹ gé e, Bàbá Ìbàfò. Ẹ fi lẹ tiwọn. Èmi náà á mú ọ̀kan nínú ti ilẹ̀."

Bùrẹ́ímọ̀ gbà á. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó ti ọrùn gé e wálẹ̀ láìwo Àsmá'ù. Aṣọ náà ni wọ́n fi lẹ apá aṣọ Ògúnkànmí, òun ni wọ́n fi kún ẹ̀gbẹ́ Sọ̀fíyátù, nítorí pé ohun tí wọ́n rí gé lára àwọn ọmọdé kò tó. Wọ́n gbé màṣíìnì méjì wá láti ṣọ́ọ̀bù, Sọ̀fíyátù tó mọ ìránṣọ díẹ̀ jókòó sí ọ̀kan, ó ń rán, ó ń bú Bùrẹ́ímọ̀, ó sì ń bú Àsmá'ù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àsmá'ù ní kí òun bá wọn ká etí aṣọ. Kò sí ẹni tó nawọ́ abẹ́rẹ́ sí i, ó sì jáde lọ jókòó sábẹ́ kánópì.

Ètò pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwọn ogún náà wá tò jáde, funfun ni gbogbo wọn, ẹni tó bá sún mọ́ wọn nìkan ló lè rí ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́. Kò sí èyí tó ń gbálẹ̀, kò sì sí èyí tó fún mọ́ ẹnikẹ́ni. Muslimah wà láàárín àwọn ìyá. Àwọn àlejò wo ìlà náà, wọ́n sì gbé ojú kúrò lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e kúrò lára àwọn yòókù.

Bí oníkálukú bá ti ké tirẹ̀ tán ni òbí tàbí ẹbí rẹ̀ kan ń dìde lọ dúró tì í, kí Ústáàsì lè gbàdúrà fún àwọn méjèèjì pọ̀. Muslimah ni Ústáàsì fi ṣe ìkẹyìn nítorí ohùn rẹ̀. Ó gba máíìkì, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń pín omi dúró níbi tí wọ́n dé. Gbogbo ojú wá wà lára rẹ̀ báyìí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Omi ń bọ́ lójú Àsmá'ù, kò nù ún.

Nígbà tó ké e tán, Ústáàsì bi í, "Ta ni yóò dúró tì ọ́?"

Àbdùlláhì tún wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú tírélà, Àsmá'ù ló ti dìde, ó ti fa ìborùn rẹ̀ bọ̀ sí ipò, ó ti gbé ẹsẹ̀ kan. Muslimah wá sí ọ̀nà àárín tó wà láàárín àwọn àga. Ó kọjá lára ìyá rẹ̀ ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ènìyàn lè nà dé, ó lọ títí dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí Bùrẹ́ímọ̀ jókòó sí, tí fọ́nrán òwú funfun wà lára fìlà rẹ̀.

"Bàbá Ìbàfò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi dúró."

Ọkùnrin náà wo Àsmá'ù. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n jọ lọ síwájú. Ústáàsì gbé ọwọ́ lé wọn lórí, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, àwọn ènìyàn sì ń ṣe àmín.

Àsmá'ù ṣì wà lórí ìdúró. Obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fọwọ́ kàn án léjìká, ó ní kí ó jọ̀ọ́ jókòó, òun fẹ́ ya bàbá àti ọmọ náà ní fọ́tò.